Ìkíni Misael

"Nohora, ọgbọ́n ọkọ rẹ ti ń purọ́ fún mi o."

Bí Yolima ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni ní abúlé kan lókè Siachoque, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé àtikí èèyàn. Lọ́jọ́ yìí kò kí. Nohora gbé kọ́ọ̀pù panela, omi ṣúgà ìrèké gbígbóná, tó ń mu sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ ní ibi iṣẹ́.

"Irọ́ wo?"

"Mo pàdé ìyá ọkọ rẹ níbi tí wọ́n ti ń gba wàrà láàárọ̀ yìí. Ó ń tiro. Mo ní kó bọ́ bàtà, ó ní òtútù ni. Mo fipá bọ́ ọ. Egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, Nohora, ó ti ń rùn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà! Mo délé, mo wo ojú kọ̀ǹpútà: àwọ̀ ewé lánàá, àwọ̀ ewé níjẹta, àwọ̀ ewé látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ni ọgbọ́n yẹn ń sọ fún mi pé ara rẹ̀ le bí òkúta."

"Ṣé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A ti fọ̀ ọ́, dókítà ti wò ó. Á san, bó bá ń sọ òtítọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ká ní mi ò pàdé rẹ̀ ńkọ́?"

Nohora jókòó, ó di fóònù mú títí Yolima fi pa tiẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó wà ní Tunja níbi tí Nohora ti ń ṣiṣẹ́ máa ń kọ́ ẹ̀rọ láti ṣe iṣẹ́ tó ń sú èèyàn: kó ránṣẹ́ sí ọgọ́rọ̀ èèyàn, kó ka èsì wọn, kó darí ọ̀rọ̀ kálukú sọ́dọ̀ ẹni tó yẹ. Wọn kì í ti ìbẹ̀rẹ̀ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun kékeré kan ni wọ́n á kọ́ ẹ̀rọ dáadáa, wọ́n á fún un lórúkọ, wọ́n á máa pè é ní ọgbọ́n, gbogbo iṣẹ́ tó bá nílò rẹ̀ á sì máa yá a lò. Nohora kọ́ ló ń kọ àwọn ọgbọ́n yìí. Òun ni alágbàtọ́ wọn. Ó mọ ìgbà tí wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ín, ẹ̀dà tó wà lóde, àwọn iṣẹ́ tó gbára lé e, bó bá sì ti darúgbó, òun náà ló máa fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbẹ̀bí ni, agbẹ́sàréè náà ni.

Ìkíni ni orúkọ ọgbọ́n tí Yolima ń sọ. Misael, ọkọ Nohora, ló kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Láàárọ̀, á ránṣẹ́ sí àwọn àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà: "Ẹ káàárọ̀, sumercé. Ṣé ẹ jí ire?" Sumercé ni a fi ń pe èèyàn lágbègbè wa níbi tí ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́ bá ti pàdé. Ọmọ ń pe bàbá bẹ́ẹ̀, bàbá ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbọ́ obìnrin kan tó ń pe màlúù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń fún wàrà. Bí arúgbó bá dáhùn pé ara òun kò yá, ojú kọ̀ǹpútà Yolima á pọ́n, á sì gòkè lọ wò ó. Bó bá ní "A ń bá a yí," Ìkíni á fi àwọ̀ ewé sí i. Misael fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ agbègbè náà ni, ó mọ̀ pé kò sí àgbà kankan ní Boyacá, ìpínlẹ̀ wa, tó máa ń ní ara òun dá ṣáṣá; "a ń bá a yí" ni tiwọn. Inú rẹ̀ dùn sí ibi yẹn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Àwọn àgbẹ̀ oníwàrà wá yá Ìkíni, ilé ẹ̀kọ́ yá a, àwọn tó ń ta ọ̀dùnkún náà yá a.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ mú Misael, ó sì kú. Nohora ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó kúrò nílé iṣẹ́, ó ti wá oníǹkan tuntun fún wọn. Níbi Ìkíni, orúkọ Misael ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Bó bá kan ibẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹnjiníà Arcadio, ọ̀gá wọn, jẹ́ ọmọ Bogotá tó ti pẹ́ ní Tunja débi pé ruana, aṣọ onírun àgùntàn tí àwọn ará òkè ń dà bora, ló ń wọ̀ wá sí ibi iṣẹ́. Kí Nohora tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti gbọ́. Ó ti almojábana gbígbóná kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Jẹun ná, sumercé."

"Ẹ má fi búrẹ́dì tù mí nínú, ọ̀gá. Ẹ sọ ọ́."

"Ìkíni gbọ́dọ̀ fẹ̀yìntì."

"Gbólóhùn kan péré ló ṣì kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

"Kí ta ni tún un ṣe? Ta ló ni ín?"

Nohora ti almojábana náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo bi ọ́, bí ara rẹ̀ kò bá yá, ta ni kí n pè? Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ Misael ló ṣì wà níbẹ̀." Ohùn Arcadio rẹlẹ̀. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í jẹ́pè. Àwọn tó ń lọ sí Kánádà, kí wọ́n tó dé pápá ọkọ̀ òfurufú lo ti gba ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Ti ọkọ rẹ nìkan lo fi sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló sì fẹ́ san gbèsè yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Nohora lára, nítorí pé òtítọ́ ni.

"Àwọn ará ilé iṣẹ́ wa ní Bogotá ti kọ òmíràn," Arcadio ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ti dán an wò. Ó mọ ẹni tó ń ṣàwàdà yàtọ̀ sí ẹni tó ń kú lọ. Orí iṣẹ́ àwọn arúgbó ni ká ti kọ́kọ́ lò ó. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo."

Nohora ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ Ìkíni kúrò lórí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, tó sì fi ti Bogotá rọ́pò rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ kó lè sunkún láìsí ẹni tó máa gbọ́.

Àárọ̀ tó tẹ̀lé e, ọgbọ́n tuntun jí, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá Misael bó ṣe ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: "Báwo ni, Leonilde! Ṣé o sùn dáadáa? Sọ fún mi bí ara rẹ ṣe rí!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà rí bí eérú. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

"Don Eudoro, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó mi, ní kí n bá òun béèrè pé ọmọ ta ni ọmọkùnrin tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yìí," Yolima ń sọ lórí fóònù, kò mọ̀ bóyá kóun bínú tàbí kóun rẹ́rìn-ín. "Ó ní òun ti lọ́mọ-ọmọ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Àwọn kan ní gbájú-ẹ̀ ni. Ìyá ọkọ tìẹ ní fóònù òun ti bàjẹ́. Fóònù tó ń kọrin lápò rẹ̀ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀!"

"Á mọ́ wọn lára," ni Arcadio kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe alágídí. Ó ní kí Nohora kọ́ ọgbọ́n tuntun náà ní ẹ̀kọ́ ilé: kó máa sọ "ẹ," kó máa sọ "sumercé." Wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, àwọn arúgbó dáhùn, gbogbo wọn pátá: "A ń bá a yí." "A ń bá a yí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ibi." "A ń bá a yí, sumercé náà ńkọ́?"

Ọgbọ́n Bogotá, pẹ̀lú gbogbo làákàyè rẹ̀, kò mọ ohun tó máa ṣe. Kò pè é ní dáadáa, kò pè é ní burúkú. Ó fi àwọ̀ ìyeyè sí gbogbo wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn lọ fojú rí i.

"Ṣé gbogbo òkè yìí ni kí n máa gùn láràárọ̀ ni?" Yolima figbe ta. "Ẹsẹ̀ tèmi ni ẹ máa gé báyìí!"

Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín, inú Nohora dùn díẹ̀. Bí ọgbọ́n Bogotá kò bá gbọ́n ju ti Misael lọ, bóyá ti Misael á padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ìyá sáà ṣèlérí pé òun á máa sọ òtítọ́. Ó tọrọ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ Arcadio láti fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gba ọ̀nà abúlé lọ.

Doña Leonilde, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹsẹ̀ tí wọ́n dì wà lórí àpótí, ajá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dùnkún ló ń bó.

"Sumercé dé. Kúrukùru ò sì jẹ́ kí n rí ọ láti ọ̀nà jíjìn."

Nohora fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó sáré gbójú kúrò, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dùnkún. Ó bó púpọ̀ kó tó lè la ẹnu.

"Mamá, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún ẹ̀rọ yẹn pé ẹ ń bá a yí, nígbà tí ẹsẹ̀ yín ń rà?"

"Ẹ̀rọ wo? Èmi ò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Misael ni mò ń dá lóhùn."

Ọwọ́ Nohora dúró. "Mamá, Misael ti..."

"Yé wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú!" Ìyá náà gbá a lórúnkún. "Èmi ni mo wọ̀ ọ́ láṣọ ìkẹyìn. Èmi ni mo de bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń lò. 'Ẹ káàárọ̀, sumercé, ṣé ẹ jí ire?' Bó ṣe máa ń kí mi láti ẹnu géètì nìyẹn. Ọmọ tó kí ìyá rẹ̀ báyẹn, kí ni kí ìyá sọ? 'Rárá o, mi ò jí ire, ẹsẹ̀ mi ń rùn'? Ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígboro! Á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á máa sáré bọ̀ nínú òjò."

"Don Eudoro ńkọ́? Misael kì í ṣe ọmọ tiẹ̀."

"Ẹni tó bá kí wa là ń kí. 'Ṣé ẹ jí ire?' 'A ń bá a yí.' Ìkíni ni, sumercé. Ta ló sọ fún yín ní Tunja pé ìbéèrè ni?"

Nohora wo ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò ọgbọ́n náà, bí wọ́n ṣe máa ka èsì ni wọ́n ń bá jà. Kò sẹ́ni tó rò ó pé wọn ò tíì béèrè nǹkan kan.

"Báwo wá ni wọ́n ṣe ń béèrè, Mamá?"

"Bó o ṣe máa ń ṣe é."

"Èmi?"

"Nígbà tí Misael wà, òun á kí mi lẹ́nu géètì, mà á ní mò ń bá a yí. Ìwọ á gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, o ò ní tíì jókòó: 'Mamá, ibo ló ń dùn yín? Ẹ má pa á mọ́ fún mi o, mo rí i bí ẹ ṣe ń fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́.' Oníwàhálà! Inú á bí mi, mà á sì sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ. Látìgbà tó ti lọ, ò ń wá, ò ń gbé oògùn wá, ò ń fọ abọ́, ò ń bó ọ̀dùnkún bí ẹni tí wọ́n háyà. O ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ ọkọ rẹ lo fi mí sílẹ̀ fún."

Omi lé ròrò sójú Nohora. Ó wo ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ ohun tó jẹ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mamá. Mo bi Misael léèrè ibi tó ń dùn ún. Ojoojúmọ́ ni mo bi í. Ó sì ń sọ fún mi, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i."

Ìyá náà nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. Ó fa Nohora mọ́ra, ó fi etí ruana rẹ̀ bò ó lórí, bí adìyẹ ṣe ń bo ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sunkún, ajá ń wò wọ́n.

"Ta ló ní kí o ṣe nǹkan kan sí i?" Doña Leonilde sọ sí i létí. "Kí o béèrè ni mo wí."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Nohora ní, "Ṣé kí n pa Ìkíni rẹ́ pátápátá ni?"

"Nítorí kí ni? Jẹ́ kó máa kí mi. Ìkíni kì í pa èèyàn. Ìwọ ni kí o máa béèrè."

Ọjọ́ Ajé, Nohora ṣí ohun tí Misael kọ. Iṣẹ́ méjì ló ti wé mọ́ra wọn, ó sì là wọ́n sọ́tọ̀. Ìkíni á máa kíni, á gba ìkíni padà, kò ní ka nǹkan kan sí i. Ọgbọ́n kejì, tó máa rọ́pò ti Bogotá, ni yóò béèrè, ohun tí wọ́n bá dá a lóhùn ni yóò sì lọ bá Yolima. Èyí túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ gé ibi tí Misael ti kọ́ ẹ̀rọ ní ìtumọ̀ "a ń bá a yí" jáde, ibi tí inú rẹ̀ dùn sí jù. Nohora kà á látòkè délẹ̀. Ó rí bó ṣe kọ ọ́ dáadáa tó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Má bínú, olólùfẹ́ mi," ó sì gé e. Ó kàn sí àwọn àgbẹ̀ oníwàrà, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ọlọ́dùnkún pé ẹ̀dà tuntun ń bọ̀. Kò sí èyí tó bínú nínú wọn. Ìkíni yẹn nìkan ni wọ́n ń lò látọjọ́ yìí wá.

Ọgbọ́n kankan kì í jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Arcadio fúnra rẹ̀ ló yẹ méjèèjì wò.

"'Ẹ má pa á mọ́ fún mi o'?" Ó sún ìgò ojú rẹ̀ sókè. "Ṣé à ń bá àwọn àgbà jà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Bogotá á ní kò bójú mu."

"Kí Bogotá wá bó ọ̀dùnkún pẹ̀lú ìyá ọkọ mi."

Arcadio rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tó dákẹ́, ó tọ́ka sí ibi tí orúkọ oníǹkan máa ń wà. Nohora pa orúkọ Misael rẹ́, ó sì kọ tirẹ̀ sí i.

Wọ́n fi àwọn aládùúgbò Yolima mélòó kan dán an wò ná, wọ́n tún ibi tó wọ́ ṣe, kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ bá gbogbo àwọn arúgbó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nohora jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò bọ́ ẹ̀wù òtútù. Ìkíni lọ. "A ń bá a yí," ni wọ́n dáhùn láti orí òkè gbogbo, Ìkíni sì jẹ́ kó kọjá. Ìbéèrè tẹ̀lé e: "Ibo ló ń dùn yín lónìí, sumercé? Ẹ má pa á mọ́ fún mi o."

Nohora fa àga sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni Don Eudoro dáhùn: "Èjìká. Òrùlé náà ń jò, bí ẹ bá lè bá mi ṣe nǹkan sí i." Orúkọ rẹ̀ pọ́n. Obìnrin kan ní ojú òun ti ń ṣú látọjọ́ mélòó kan. Òmíràn ní òun ò ní oògùn nílé mọ́, ojú ló ń ti òun. Pupa lókè, pupa nísàlẹ̀.

Arcadio tó ń kọjá lọ dúró gbagidi. "Jésù! Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́, ọ̀gá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni."

Yolima ránṣẹ́ pé wọ́n ti pa òun, kí wọ́n bá òun wá ẹṣin, kí Ọlọ́run sì bù kún wọn. Nígbà náà ni orúkọ Doña Leonilde pọ́n. "Ẹsẹ̀ ti ń san. Orúnkún ló kù. Mi ò sùn lóru. Ṣé inú ẹ ti dùn báyìí, oníwàhálà?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ Yolima bó ṣe yẹ, kò sí ohun tó kù fún Nohora láti ṣe sí i. Ó mú fóònù rẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè.

"Kí ló tún dé?" ni ìyá náà fi dáhùn. "Ẹ̀rọ yín ti bi mí tán."

"Mo mọ̀," ni Nohora wí. "Orúnkún wo, Mamá?"